Ta Ló Gbé Ọ̀rọ̀ Ilé Wa Dé Tẹlifíṣọ̀n?

N kò gbẹ́kẹ̀ lé àwọn tó ń kọ eré apanilẹ́rìn-ín. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń wo iṣẹ́ wọn, mo sì fẹ́ràn rẹ̀, ṣùgbọ́n bí mo bá rẹ́rìn-ín tán, mo máa ń bi ara mi pé: ilé ta ni wọ́n ti jí èyí? Ọ̀rọ̀ tó pani lẹ́rìn-ín gan-an, ẹnìkan ló ti kọ́kọ́ sọ ọ́ nínú ilé ìdáná, láìmọ̀ pé ẹlòmíràn ń gbọ́.

Ìyàwó mi kì í bá mi jiyàn lórí ìyẹn. Orí àwọn òṣèré ni iyàn tiwa wà. Èmi kò lè fara da ẹni tó bá ń ranjú, tó ń fa ṣòkòtò dé àyà kí á lè mọ̀ pé àwàdà ló ń ṣe. Lójú tèmi, ẹni tó ń pani lẹ́rìn-ín kò gbọdọ̀ mọ̀ pé òun ń ṣe bẹ́ẹ̀. Lójú tirẹ̀, ẹ̀rín ni ẹ̀rín. Bí mo bá ti ń ṣàlàyé jù, á ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ á gbọ́ nǹkan tí ọkùnrin yìí ń sọ." Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú la máa ń wò wọ́n, nílé wa ní Ìkòròdú. Bí kò bá sí iná, a ó tan jẹnẹrétọ̀.

Ìyàwó mi kú lọ́dún tó kọjá. Fún ìgbà pípẹ́, n kò tan tẹlifíṣọ̀n. Nígbà tí mo wá tàn án, eré tuntun kan ni mo bá níbẹ̀: tọkọtaya kan tó ń gbé létí ọ̀sà, pẹ̀lú àbúrò ọkọ tí kò fẹ́ kúrò nílé wọn. Ọkọ yẹn kò tẹ́ mi lọ́rùn rárá. Kò sí ohun tí kì í fura sí. Bí wọ́n bá ra ẹja wọlé, á gbóòórùn rẹ̀, á sì bi ẹja náà pé ìgbà wo ló kú. Bí wọ́n bá ka ìròyìn lórí rédíò, á ní, "Ta ló rí i?" Mo ní ẹni tó kọ ọ́ kò mọ bí ọkùnrin ṣe ń ṣe, kò sí irú èèyàn bẹ́ẹ̀ láyé. Aya rẹ̀ nìkan ló jọ èèyàn lójú mi.

Ní ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, aya náà yọjú láti ilé ìdáná, ó ké sí àbúrò ọkọ rẹ̀: "Afínjú-ò-fọwo, oúnjẹ ti délẹ̀ o!"

Mo dìde dúró.

Nílẹ̀ wa, ìyàwó kì í pe àwọn ọmọ tó bá nílé ọkọ lórúkọ wọn, ì báà ṣe ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn. Òun fúnra rẹ̀ ni yóò fún wọn ní orúkọ tí yóò máa pè wọ́n. Ọ̀pọ̀ ìyàwó ń lo èyí tí gbogbo ayé ń lò: Ìbàdíàrán, Akọ̀wé, Adúmáadán. Tèmi kò ṣe bẹ́ẹ̀. Àbúrò mi tó kéré jù gbé lọ́dọ̀ wa nígbà tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ kan níbí. Á lọ ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ títí á fi le gbandi, ṣùgbọ́n kò fọ abọ́ tó fi jẹun rí. Kò pẹ́ tí ìyàwó mi fi sọ ọ́ ní Afínjú-ò-fọwo. Inú ilé wa ni orúkọ náà wà. Ta ló wá gbé e jáde?

Ẹni tó ń jẹ́ ẹ ni mo fura sí. Ó mọ èèyàn káàkiri, ó sì fẹ́ràn owó. Mo pè é lórí fóònù.

"Ta lo ta ọ̀rọ̀ ilé mi fún?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ káalẹ́ ná."

"Mo ní ta lo tà á fún?"

"Ẹ̀yin náà gbọ́ ọ! Ìyàwó mi ò tíì jẹ́ n sinmi. Ẹ̀gbọ́n, tí mo bá fẹ́ ta nǹkan, ṣé bí mi ò ṣe ń fọwo ni màá tà?"

Ọ̀rọ̀ gidi ni, ṣùgbọ́n mo pa fóònù. Mo rò ó pé ẹni tó bá mọwọ́ mẹsẹ̀ nínú ọ̀ràn ló máa ń ní èsì tó dára tó bẹ́ẹ̀. Nígbà tó wá kí mi, ojú fèrèsé ni mo ti dá a lóhùn. Àwọn ẹbí ti pín aṣọ ìyàwó mi. Ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ nìkan ló kù fún mi, bí ẹnìkan bá sì ń tà á lẹ́yọ lẹ́yọ, kí ni n óò fi rántí rẹ̀?

Láti ìgbà náà ni mo ti ń wo eré yẹn bí ẹni ń ṣọ́ olè. Lọ́jọ́ kan, ọkọ jí, ó jáde sí pálọ̀. Aya rẹ̀ kò ní ẹ káàárọ̀. Ó ní, "Ẹ kú ìfura o."

Èmi ni ìyàwó mi máa ń kí bẹ́ẹ̀. Láàárín àwa méjèèjì ni, lẹ́yìn tí àbúrò mi ti kó lọ tipẹ́. Kò lè mọ̀ ọ́n láé. Ìgbà náà ni mo tún wo ọkọ yẹn dáadáa, àti bó ṣe ń gbóòórùn ẹja.

Mo ti gbàgbé ohun tí kò yẹ kí ọmọ Yorùbá gbàgbé: ilé méjì ni ìyàwó ní. Ohun tó bá sọ nílé ọkọ, á gbé e délé bàbá rẹ̀, wọn á sì rẹ́rìn-ín sí i níbẹ̀. Ẹ̀pẹ́ ni wọ́n ti bí tèmi. Ibẹ̀ ló ti lọ sinmi nígbà àìsàn rẹ̀, lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin.

Mo wọ ọkọ̀ lọ sí Ẹ̀pẹ́. Ẹ̀gbọ́n náà ń yan ẹja lẹ́yìnkùlé. Kò jẹ́ kí n kí i tán.

"Àna mi, ẹ pẹ́ o! Àtìgbà tí eré yẹn ti bẹ̀rẹ̀ la ti ń retí yín."

Ó mú mi wọlé, ó ké sí ọmọ rẹ̀ obìnrin, tí mo mọ̀ pé ó ń ṣiṣẹ́ ní Èkó, tí n kò bi í rí pé iṣẹ́ wo. Ọmọ náà kúnlẹ̀.

"Dádì Ìkòròdú, èmi ni mò ń kọ ọ́. Mọ́mì Ìkòròdú ló sọ ọ́ fún mi. Tí ara bá ń ro wọ́n, wọ́n á ní kí n jókòó kí àwọn sọ̀rọ̀ ilé àwọn, kí àwọn lè rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní kí n lò ó."

"Ta ló wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n sọ bẹ́ẹ̀?"

Ìyá rẹ̀ pàtẹ́wọ́. "Yéè! Ọkọ inú eré ti dé!"

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Èmi náà rẹ́rìn-ín díẹ̀. Mo jáde sẹ́yìnkùlé, mo pe àbúrò mi, mo ní kó má bínú.

Nígbà tí mo wọlé padà, ọmọ náà ní bí mo bá fẹ́, òun á yọ gbogbo rẹ̀ kúrò.

"Orúkọ kan wà tí Mọ́mì Ìkòròdú máa ń pè yín níbí," ó ní. "Òun nìkan ni wọ́n ní mi ò gbọdọ̀ lò."

N kò mọ̀ pé mo ní orúkọ ní Ẹ̀pẹ́. Mo ní kó sọ ọ́. Ó wo ìyá rẹ̀. Ìyá rẹ̀ mi orí pé kó sọ ọ́. Ó sún mọ́ mi, ó sọ ọ́ sí mi létí pẹ̀lú ohùn Ẹ̀pẹ́, gẹ́lẹ́ bí ìyàwó mi ìbá ṣe sọ ọ́. Mo ní kó tún un sọ.

Mo sọ fún un pé kó má yọ ohunkóhun nínú eré náà, àfi kó tún ọkọ yẹn kọ dáadáa, kí àwọn èèyàn lè rí i pé ó nídìí tó fi ń fura.

N kò ní kọ orúkọ yẹn síhìn-ín. N kò mọ ẹni tó ń kà á.