Oókan Tó Dé Fìlà

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni ẹ̀rọ náà kọ́kọ́ ké mọ́ ẹni tí mo mọ̀. A gbé ọkọ̀ wa sí ẹ̀gbẹ́ Warehouse Road, ní Apapa, ní nǹkan bí aago mẹ́sàn-án àárọ̀, kámẹ́rà méjì sì yọ sókè lórí rẹ̀ bí ojú ọ̀pọ̀lọ́, wọ́n ń wo gbogbo mọ́tò tó ń kọjá. Iṣẹ́ wọn ni láti ka nọ́ńbà ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan, kí kọ̀ǹpútà sì fi í wé nọ́ńbà àwọn ọkọ̀ tí wọ́n jí. Bí méjèèjì bá bára mu, ẹ̀rọ á ké gooro. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì tí wọ́n gbé e fún wa, ó ti bá wa mú ọkọ̀ mẹ́ta, gbogbo àgọ́ ọlọ́pàá wa sì ń gbé e gẹ̀gẹ̀ bí ìyàwó tuntun.

Tírélà pupa kan ń rọra bọ̀ láti ọ̀nà Tin Can, ó gbé kọ̀ǹténà sẹ́yìn. Ẹ̀rọ ké. Kọ́pùrà Sọ́ńdè, ọmọ yunifásítì tó jókòó ti kọ̀ǹpútà, fò dìde.

"Sájẹ́ǹtì, ó ti wọlé o! APP 874 XB. Na stolen motor be this!"

Mo na ọwọ́ dá tírélà náà dúró. Mo wo ẹni tó wà nídìí stẹ́ẹ̀rì. Bàbá Múrí ni.

Kò sí ẹni tó gbé Boundary, ní Ajégúnlẹ̀, rí tí kò mọ Bàbá Múrí. Wọ́n ti ń gbé kọ̀ǹténà kí n tó wọṣọ ọlọ́pàá, tiwọn sì ni tírélà pupa yẹn, wọn ò yá a lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Wọ́n sọ̀ kalẹ̀, wọ́n rí mi, wọ́n rẹ́rìn-ín.

"Ìyá Nọ́ńbà, ìwọ lo dá mi dúró láàárọ̀ yìí?"

"Ẹ má bínú, Bàbá. Ẹ jẹ́ kí n rí pátíkọ́là yín."

Ohun tó wà nínú pátíkọ́là ni APP 814 XB. Ohun tó wà lójú tírélà ni ìṣòro wa. Nọ́ńbà irin ti Bàbá Múrí ti fọ́ nígbà tí tírélà mìíràn fi ẹ̀yìn rìn lù wọ́n nínú ìlà Tin Can, níbi tí ọkọ̀ ti ń tò fún ọjọ́ mélòó kan kí ó tó wọ èbúté. Wọ́n ń retí tuntun. Páànù pẹlẹbẹ tí wọ́n fi búrọ́ọ̀ṣì kọ nọ́ńbà sí ni wọ́n so mọ́ iwájú ọkọ̀. Èmi kà á sí 814 torí pé mo mọ ọkọ̀ náà. Sọ́ńdè kà á sí 874 torí pé kọ̀ǹpútà ti sọ bẹ́ẹ̀ fún un. Mo tún un wò dáadáa. Ká sòótọ́, èmi náà ò lè fi Bíbélì búra.

Ọ̀gá wa ò tiẹ̀ fẹ́ gbọ́. A dé àgọ́, wọ́n ju pátíkọ́là sórí tábìlì.

"Ta ni ò lè tẹ pátíkọ́là lóde òní? Nọ́ńbà ṣásì ńkọ́?"

"Ó ti dógùn-ún lábẹ́ ọkọ̀, sà. Kò ṣeé kà mọ́."

"Ṣásì dógùn-ún, nọ́ńbà jẹ́ ti ọ̀dà, o wá ní kí n tú u sílẹ̀. Fọlákẹ́, kọ̀ǹpútà ò ní ọ̀rẹ́ ní Boundary. Ìwọ ní."

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí wọ eegun. Mo ní, "Sà, mo mọ ojú ọkọ̀ yẹn."

"Ojú ẹ ló wá ju kámẹ́rà lọ? Ó dáa. Aago mẹ́rin ni wọ́n ń bọ̀ láti olú-ilé-iṣẹ́ wá gbé bàbá yẹn àti tírélà ẹ̀. Tó o bá fẹ́ dúró fún un, fi ìlà mẹ́ta tó wà lápá ẹ dúró."

Mo wo apá mi. Ọdún mọ́kànlá ni mo fi wá ìlà mẹ́ta yẹn. Àwọn kan tí a jọ wọṣẹ́ ti di ìnspẹ́kítọ̀ tipẹ́.

"Mo fi dúró, sà."

Ẹnu mi ló sáré sọ ọ́. Ẹ̀rù ṣẹ̀ṣẹ̀ wá bà mí lẹ́yìn náà. Wọ́n ti Bàbá Múrí mọ́ àhámọ́, wọ́n gba bẹ́líìtì àti bàtà lọ́wọ́ wọn. Bàbá ò bá mi jà. Wọ́n kàn ní, "Ọmọ mi, mi ò wọ àhámọ́ rí láyé mi."

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tí mo fi lè fọwọ́ sọ̀yà bẹ́ẹ̀. Nígbà tí mo dé Apapa, a ò ní kámẹ́rà kankan. Wọ́n á ka nọ́ńbà àwọn ọkọ̀ tí wọ́n jí fún wa láàárọ̀, a ó há a sórí, a ó bọ́ sójú títì. Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́, Ìnspẹ́kítọ̀ Adéoyè, ló fi ọgbọ́n rẹ̀ hàn mí. Wọ́n ní kí n máa sọ lẹ́tà di ọ̀rọ̀. APP, ìyẹn nọ́ńbà Apapa, di "Àdùkẹ́ Pa Pẹ́pẹ́yẹ." AGL, ti Ajégúnlẹ̀, di "Àdùkẹ́ Gún Láfún." Kí oṣù mẹ́fà tó pé, mo ti mọ iye pẹ́pẹ́yẹ tí Àdùkẹ́ pa ju ọkùnrin èyíkéyìí ní àgọ́ lọ, ibẹ̀ ni wọ́n ti sọ mí ní Ìyá Nọ́ńbà.

Mo sì ti ṣì í kà rí. Ní Sátidé kan mo ka lẹ́tà O sí òdo, mo dá ọkọ̀ ìyàwó dúró lójú ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì. Ìyàwó fi bàtà gogoro sọ̀ kalẹ̀, ó ka nọ́ńbà náà sí mi léèmẹta bí ẹni ń kọ́ ọmọ jẹ́léósinmi, gbogbo àwọn ọ̀rẹ́ ìyàwó sì ń dárúkọ lẹ́tà tẹ̀lé e. Ìnspẹ́kítọ̀ Adéoyè rẹ́rìn-ín títí omijé fi bọ́ lójú wọn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n sọ ọ̀rọ̀ tí mi ò gbàgbé: "Fọlákẹ́, ẹnu ọkọ̀ ni nọ́ńbà jẹ́, ẹnu sì lè parọ́. Ojú rẹ̀ ni kó o máa wò." Wọ́n ní kí n wo ibi tí ó ti họ, gíláàsì tó sán, ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ sí i lára.

Mo mọ ojú ọkọ̀ Bàbá Múrí. "Sùúrù Lérè" ni wọ́n kọ síwájú rẹ̀, lẹ́tà kejì sì ti ṣí dànù tó fi dà bí "S úrù." Ṣùgbọ́n ọ̀gá ò ní gba ojú gbọ́. Ẹ̀rí tí wọ́n lè fọwọ́ kàn ni mo ní láti wá kí aago mẹ́rin tó lù.

Mo bi Bàbá Múrí láti ẹnu irin àhámọ́ pé ta ló kọ páànù yẹn. Wọ́n ní Gódwin ni, ẹni tó ń kọ sáìnì bọ́ọ̀dù ní Boundary. Mo wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá, ó di Boundary.

Gódwin ti lé ní ogún ọdún ní Ajégúnlẹ̀, ẹnu rẹ̀ sì ti da gbogbo èdè pọ̀. Ó wà lórí àpótí, ó ń kọ orúkọ ṣọ́ọ̀ṣì kan sí pákó. Kí n tó kí i tán ni mo rí ògiri tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Nọ́ńbà ọkọ̀ ló kún un láti òkè délẹ̀, pupa, dúdú, búlúù, ọ̀kan lórí òmíràn.

"Bródà Gódwin, kí lèyí?"

"Ah, Ìyá Nọ́ńbà, ẹ káàbọ̀ o. Na there I dey test brush. Kí n tó kọ ọ́ sí páànù, mo máa kọ ọ́ sógiri first, make hand balance."

Mo sún mọ́ ògiri. Gbogbo oókan tó kọ ló ní ìlà kékeré lórí, ó tẹ̀ síwájú.

"Kí ló dé tí oókan yín rí báyìí?"

Inú rẹ̀ dùn pé mo béèrè. "My one dey wear cap! Oókan lásán, ó dà bí igi. Èmi máa ń dé fìlà fún un. Customer like am."

Mo bú sẹ́rìn-ín, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ dì mọ́ ọn. Fìlà yẹn ni kámẹ́rà rí tó fi pe oókan ní eéje. Mo mú fóònù jáde kí n ya àwòrán 814 tó wà lára ògiri, kí n gbé e lọ fún ọ̀gá. Mo yà á. Mo yí ọrùn díẹ̀, mo tún rí i: APP 814 XB, nísàlẹ̀, lẹ́bàá ilẹ̀kùn, ọ̀dà rẹ̀ ò tíì ṣá.

"Bródà Gódwin, ẹ̀ẹ̀mejì lẹ kọ nọ́ńbà Bàbá Múrí?"

Ó dá búrọ́ọ̀ṣì dúró. "Yes now. First one, Bàbá fúnra wọn ló wá, last month. Ìkejì, one man come on Sunday. Ó ní Bàbá ló rán òun, pé páànù ti jábọ́. Ó gbé mi lọ sí Tin Can, mo kàn án mọ́ tírélà."

"Tírélà Bàbá Múrí?"

"Pupa ni sha." Ó ronú díẹ̀. "But I no see 'Sùúrù Lérè' for front. And old number dey there, irin. Ó ní kí n kàn án lé e, make I no remove am."

Ẹni tó jí tírélà 874 ti tò lẹ́yìn Bàbá Múrí nínú ìlà, ó rí i pé ọkọ̀ méjèèjì pupa, pé ìlà kan péré ló ya nọ́ńbà wọn sọ́tọ̀. Ó wá yá nọ́ńbà Bàbá wọ̀. Nígbà tí ẹ̀rọ bá ń wá 874, òun á máa lọ pẹ̀lú 814. Kò mọ̀ pé oókan Gódwin ń dé fìlà.

Mo pe Sọ́ńdè lórí fóònù pé kó gbé ọkọ̀ kámẹ́rà pàdé mi ní Tin Can, kí ó mú ọlọ́pàá méjì dání. Gódwin náà ju búrọ́ọ̀ṣì sílẹ̀, ó ní òun ń bọ̀. Aago méjì ti kọjá nígbà tí a débẹ̀. Ojoojúmọ́ ayé ni gbogbo Apapa ń ṣépè fún ìlà Tin Can, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn mo súre fún un. Ẹni tó bá tò síbẹ̀ lọ́jọ́ Àìkú, níbo ló fẹ́ sá lọ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun? Tírélà wà níwájú rẹ̀, tírélà wà lẹ́yìn rẹ̀, gọ́tà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́.

A ń rọra lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà náà, ẹ̀rọ ń ka nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan láìsọ̀rọ̀. Lójijì, ó ké gooro.

"Sájẹ́ǹtì, 874!" ni Sọ́ńdè wí. Ojú rẹ̀ dàrú. "Ṣùgbọ́n ọ̀kan yẹn wà ní àgọ́ wa."

"Sọ̀ kalẹ̀, kó o wá wo ojú ẹ̀."

Tírélà pupa ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n iwájú rẹ̀ mọ́ foo, kò sí ọ̀rọ̀ kankan níbẹ̀. Ọkùnrin kan ń jẹ ẹ̀wà nínú rẹ̀. Ó rí wa, ó rí Gódwin, ó gbé abọ́ sílẹ̀, ó fò gba ilẹ̀kùn kejì jáde. Ọlọ́pàá kan ti wà níbẹ̀, ó ń dúró dè é. Gódwin fúnra rẹ̀ ló fi ẹ̀mú yọ ìṣó tó kàn. Páànù já. Irin wà lábẹ́ rẹ̀, nọ́ńbà tí ìjọba tẹ̀ sára rẹ̀ hàn ketekete: APP 874 XB. Mo fi ìka tọ eéje yẹn láti òkè dé ìsàlẹ̀. Kò dé fìlà kankan. Mo hó yèè lójú títì Tin Can, àwọn dẹ́rẹ́bà tó wà nínú ìlà náà hó tẹ̀lé mi láìmọ ohun tó ṣẹlẹ̀.

Aago mẹ́rin ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni mo gbé irin náà lé orí tábìlì ọ̀gá, mo fi àwòrán ògiri tì í. Ọ̀gá wo irin, wọ́n wo àwòrán.

"Fọlákẹ́, lọ tú bàbá yẹn sílẹ̀."

"Ẹ̀yin lẹ tì wọ́n mọ́lé, sà."

Mi ò mọ ibi tí mo ti rí ìgboyà yẹn. Ọ̀gá wò mí, wọ́n dìde, wọ́n mú kọ́kọ́rọ́. Ọwọ́ ara wọn ni wọ́n fi ṣí ilẹ̀kùn, wọ́n sì gbé bàtà Bàbá Múrí síwájú wọn. Sọ́ńdè dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Bàbá Múrí fà á dìde, wọ́n ní, "Má dọ̀bálẹ̀ fún mi. Ẹ̀rọ yín yẹn ni kó dọ̀bálẹ̀." Gbogbo àgọ́ rẹ́rìn-ín, ọ̀gá náà rẹ́rìn-ín. Ilẹ̀ ò tíì ṣú tí Bàbá fi gbé kọ̀ǹténà wọn dé ibi tó ń lọ.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, àwọn tó ń tún ẹ̀rọ náà ṣe wá láti Ìkejà. Wọ́n ya gbogbo ògiri Gódwin ní fọ́tò kí wọ́n lè kọ́ ẹ̀rọ wọn ní oókan tó dé fìlà. Gódwin wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun fún wọn bí ẹni ń ṣe ìgbéyàwó. Láti ìgbà náà, ọ̀gá fún wa lófin kan: bí ẹ̀rọ bá ké, ènìyàn gbọ́dọ̀ sọ̀ kalẹ̀ lọ wo ojú ọkọ̀ kí wọ́n tó ti ẹnikẹ́ni mọ́lé. Wọn ò sọ ẹni tó kọ́ wọn, ṣùgbọ́n gbogbo wa mọ̀.

Ipò ìnspẹ́kítọ̀ ni mo ti fẹ̀yìn tì. Lọ́jọ́ tí mo bọ́ aṣọ, mo gba Boundary kọjá kí n lè kí Gódwin. Ó ti darúgbó, àmọ́ ọwọ́ rẹ̀ ò tíì gbọ̀n. Ó ti búrọ́ọ̀ṣì bọ ọ̀dà, ó ní kí n pe nọ́ńbà iṣẹ́ mi, nọ́ńbà tí wọ́n fún mi lọ́jọ́ tí mo wọṣẹ́. Oókan mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀. Ó kọ ọ́ sókè ògiri, lókè gbogbo nọ́ńbà yòókù, ó sì dé fìlà fún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

"Make machine come read am," ni ó wí.

Mo ní kí ẹ̀rọ má ṣe ìyọnu. Àwọn tó ń kọjá ní Boundary ti dúró, wọ́n sì ti ń kà á bó ṣe yẹ.