Òórùn Wíìtì

Bí wọ́n bá ń sanwó fún ẹni tó mọ èèyàn fi ṣe yẹ̀yẹ́ ni, Suara ì bá ti kọ́lé sí Omole tipẹ́tipẹ́. Ṣùgbọ́n òdòdó àwọn tó kọ́lé síbẹ̀ ló ń bomi rin. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni, ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, ó tín-ín-rín, ara rẹ̀ sì le koko. Láràárọ̀ ló ń fẹsẹ̀ rìn láti Òke-Kòtò l'Agége, á gba Ọgbà kọjá, títí dé Omole, ojú ọ̀nà yẹn ló sì ti ń rí gbogbo ohun tó ń bú. Bó bá rí ọmọbìnrin tó ń gbé ike ẹlẹ́rìndòdò sẹ́nu láago méje àárọ̀, á ní, "Ìwọ tí o ò tíì fọ eyín." Bó bá rí géńdé tó ń wọ ọ̀kadà láti ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀ dé ìkòríta tí kò ju ọgọ́rùn-ún ìṣísẹ̀ lọ, á dúró wò ó títí, á mi orí, á tutọ́ sílẹ̀, á máa bá tirẹ̀ lọ.

Ọ̀gá rẹ̀ obìnrin ní Omole, Olúfọlákẹ́ lorúkọ wọn, ni ẹ̀sín rẹ̀ dùn ún ṣe jù. Obìnrin náà ra ẹ̀rọ kan sí pálọ̀, orí ẹ̀rọ náà ni wọ́n ti ń sáré, wọn kì í sì í kúrò lójú kan. Bó bá wá di Sátidé, wọ́n á wọ bàtà funfun, wọ́n á wọ mọ́tò lọ síbi tí àwọn ẹgbẹ́ wọn ti ń rìn, wọ́n á rìn yí pápá ká lẹ́ẹ̀mẹta, wọ́n á tún wọ mọ́tò padà sílé. Suara á ní ká ní ẹsẹ̀ lè pe èèyàn lẹ́jọ́ ni, ẹsẹ̀ ìyá yìí ì bá ti pè wọ́n tipẹ́.

Ọjọ́ kan ni wọ́n na ìka sí ewúro tó hù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. "Bàbá, ẹ bá mi hú nǹkan yẹn jàre. Ó ń jẹ́ kí kọ́ḿpáùndù mi dà bí abúlé."

Suara hú u. Kò pé oṣù kan tí wọ́n gbé ìgò kékeré kan jáde, wọ́n da hóró oògùn mélòó kan tó ní àwọ̀ ewé sí àtẹ́lẹwọ́. "Ẹ wò ó, Bàbá. Ewúro ni. Òkè òkun ni wọ́n ti fi ránṣẹ́. Kò tiẹ̀ korò rárá."

"Ẹ kú oríire, mà," ni Suara wí. Ẹ̀rín tó ń gbé mì kò jẹ́ kó rí ọ̀nà dáadáa títí tó fi dé Ọgbà. Ewúro tí kò korò! Èyí tó hú ńkọ́? Kò kúkú sọ ọ́ nù. Ó ti gbé e relé, ó ti gbìn ín sínú ike ọ̀dà mẹ́ta lẹ́yìnkùlé.

Gbogbo oúnjẹ ayé ló ń bú. Búrẹ́dì kan ṣoṣo ni kì í bú, nítorí pé ọwọ́ ara rẹ̀ ló ti wá.

Kó tó di olùtọ́jú òdòdó, ilé búrẹ́dì kan l'Agége ló ti ṣiṣẹ́ fún ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Ìjẹ̀bú kan tó ń jẹ́ Fọlábí ló ni ín. Lọ́jọ́ kan, Fọlábí ti Aláúsá dé, ó ní àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ti ń sá fún búrẹ́dì funfun, wíìtì, búrẹ́dì dúdú tí wọ́n fi ọkà tòun tèèpo ṣe, ni gbogbo wọn ń bèèrè, pé dókítà ní kí wọ́n máa jẹ ẹ́. Ó wo Suara lójú. "Bàbá, ṣé ẹ lè mú kí ìyẹ̀fun funfun yìí wọ aṣọ dúdú?"

Ẹni tó bá lójútì ì bá ní òun ò mọ̀ ọ́n ṣe. Suara da ṣúgà sínú ìkòkò gbígbẹ, ó gbé e kaná, ó ń rò ó. Ṣúgà yọ́, ó pọ́n, ó dúdú, ó ń hó kùṣọ̀kùṣọ̀. Nígbà tó kù díẹ̀ kó di èédú, ó bu omi sí i. Omi dúdú yẹn ló dà mọ́ ìyẹ̀fun, ó wá bu ẹ̀kúnwọ́ kan nínú èèpo ọkà, ó wọ́n ọn sórí búrẹ́dì kó tó wọ ààrò. Nígbà tó jáde, ẹni tó rí i á búra pé inú oko ló ti bọ́ sórí àtẹ. Fọlábí ya ewé tútù àti ọkùnrin tó ń sáré sára náílọ́nù rẹ̀, ó kọ WÍÌTÌ gàdàgbà sí i. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún Suara lọ́jọ́ náà, wọ́n sọ ọ́ ní Bàbá Wíìtì, inú òpònú náà sì dùn. Ọdún mọ́kànlá gbáko ló fi ń ro ìkòkò yẹn.

Bó bá délé, ìyàwó rẹ̀, Sùlíyá, á gba aṣọ iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, á gbé e sí imú. "Òórùn wíìtì yìí, ó ń dùn mọ́ mi ju lọ́fínńdà lọ." Suara á rẹ́rìn-ín. Ohun tí ẹ̀rín lè bò kì í ní kí ẹnu sọ ọ́.

Aránṣọ ni Sùlíyá. Láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́ ló ń jókòó sídìí ẹ̀rọ. Ní nǹkan bí oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, abẹ́rẹ́ já bọ́, ó gún un ní ọmọ ìka ẹsẹ̀, ojú egbò náà kọ̀, kò san. Wọ́n gbé e dé ọsibítù, wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, wọ́n ní ìtọ̀ ṣúgà ni. Nọ́ọ̀sì jókòó tì í, ó ń bá a sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

"Ẹ jẹ́ kí ẹ̀fọ́ pọ̀ nínú oúnjẹ yín, mà. Ẹ má jẹ ṣúgà. Ẹ má jẹ búrẹ́dì funfun. Bí ẹ bá máa jẹ búrẹ́dì rárá, kó jẹ́ wíìtì, kó má sì pọ̀. Kí ẹ sì máa rìn. Bí egbò yìí bá gòkè sí i, a ó gé ọmọ ìka yẹn o."

Nínú gbogbo ọ̀rọ̀ gígùn yìí, wíìtì nìkan ló wọ Sùlíyá létí. Ó pa ìrẹsì tì, ó pa iyán tì, ẹ̀bà di ohun tó ń wò lókèèrè. Wíìtì láàárọ̀, wíìtì lálẹ́. Àbí kí ló tún kù, nígbà tó jẹ́ pé ọkọ òun gan-an ló dá a sílẹ̀? Kò tiẹ̀ mọ sórí òun nìkan. Lọ́jọ́ Sunday tí wọ́n bá pé jọ ní Àsàlátù, á dìde láàárín àwọn obìnrin ẹgbẹ́ rẹ̀, á ní, "Ẹni tó bá ní ṣúgà lára, kó lọ ra wíìtì. Ọwọ́ ọkọ mi ló ti jáde, mo mọ ohun tó wà níbẹ̀." Ọ̀rẹ́ rẹ̀ tímọ́tímọ́, Ìyá Kaothar, tí àìsàn náà ti ń bá fínra ṣáájú rẹ̀, kò tún jẹ nǹkan mìíràn mọ́.

Suara tó ń bú gbogbo Èkó wá di odi nínú ilé ara rẹ̀. Ojú ń tì í. Ká sòótọ́, ẹ̀rù ló ń bà á jù, nítorí ìyàwó rẹ̀ fẹ́ràn rẹ̀, ó sì ń gbé e ga lójú ayé, kò sì sí arúgbó tó fẹ́ bọ́ sílẹ̀ lórí irú àga bẹ́ẹ̀. Ó wá ń fi ọ̀rọ̀ gba ẹ̀gbẹ́. Ó já ewúro, ó fọ̀ ọ́, ó sè é fúnra rẹ̀. Sùlíyá tọ́ ọ wò, ó yínmú, ó tún na ọwọ́ sí náílọ́nù búrẹ́dì.

"Ìyá Ameenat, dìde ká jọ rìn dé òpin àdúgbò."

"Ẹsẹ̀ ń dùn mí, Bàbá Ameenat. Ẹ jẹ́ kí ìrìn yín mọ lọ́dọ̀ yín."

"Búrẹ́dì yẹn, ṣé o ò ní rọra jẹ ẹ́? Láti ìgbà tí mo ti kúrò níbẹ̀, mi ò mọ ohun tí wọ́n ń fi ṣe é mọ́."

Obìnrin náà wò ó tìyanu-tìyanu. "Ẹ̀yin kẹ̀? A kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni o."

Suara kúkú gba ọ̀dọ̀ Fọlábí lọ. Ó bẹ̀ ẹ́ pé kó yọ ọ̀rọ̀ wíìtì kúrò lára náílọ́nù. Fọlábí rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Bàbá Wíìtì, ṣé kò sí o? Ta ló se é? Èmi ò fọwọ́ kan ìkòkò yẹn rí láyé mi. Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí, ẹ̀yin ni mà á nawọ́ sí." Suara jáde, ó ń sọ̀rọ̀ sábẹ́ ètè ní gbogbo ojú ọ̀nà. Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn, ó ní, òun náà ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Fọlábí ló rò pé òun ń bú.

Láàárín oṣù yẹn ni wọ́n gé ẹsẹ̀ Ìyá Kaothar lábẹ́ orúnkún. Wọ́n gbé e wálé, ó wà lórí ibùsùn.

Sunday tó tẹ̀lé e, Sùlíyá ti Àsàlátù dé, ó ń tiro. Ó tú aṣọ tó fi wé ẹsẹ̀. Ọmọ ìka kejì náà ti wú, àyíká egbò ti ń dúdú. Ọ̀la ni ọsibítù ní kó wá. Ó gbé búrẹ́dì méjì kalẹ̀ sórí tábìlì, ewé tútù ń dán lára náílọ́nù.

"Mo fẹ́ kírun, kí n sinmi díẹ̀," ló wí. "Lẹ́yìn náà ni mà á gbé ìwọ̀nyí lọ fún Ìyá Kaothar. Ó ní búrẹ́dì yìí nìkan ló ń wọ òun lẹ́nu."

Suara wo búrẹ́dì méjèèjì. Ó la ẹnu, ó pa á dé. Ó bá dìde, ó lọ ra ṣúgà ní ṣọ́ọ̀bù iwájú ilé, ó gba ẹ̀yìnkùlé wọ ilé ìdáná, ó gbé ìkòkò kaná. Ó da ṣúgà sí i, ó mú ṣíbí, ó ń rò ó. Ó yọ́. Ó pọ́n. Ó ń dúdú. Ọwọ́ rẹ̀ kò gbàgbé nǹkan kan, omijé sì ń dà lójú rẹ̀, kò sì purọ́ fún ara rẹ̀ pé èéfín ni.

Òórùn náà gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ kọjá, ó wọ yàrá. Sùlíyá jáde pẹ̀lú ẹ̀rín lẹ́nu, ìborùn ìrun ṣì wà lórí rẹ̀.

"Òórùn wíìtì! Bàbá Ameenat, ṣé ẹ fẹ́ máa ṣe tiyín nílé ni?"

Ó dé ìdí iná. Ó wo inú ìkòkò. Ó wo náílọ́nù ṣúgà tó ṣófo nílẹ̀. Ó wo ìkòkò lẹ́ẹ̀kejì. Ẹ̀rín ojú rẹ̀ kò tètè lọ, àfi bí ẹni pé kò mọ ibi tó máa gbà.

"Wíìtì dà?"

"Kò sí."

"Mo ní wíìtì dà?"

"Ṣúgà tí mo jó ni, Sùlíyá. Òun ló ń mú kí búrẹ́dì dúdú. Ìyẹ̀fun funfun ni ìyókù. Ọdún mọ́kànlá ni mo fi ṣe é."

Obìnrin náà kò pariwo. Ó gba ṣíbí lọ́wọ́ rẹ̀, ó fẹ́ atẹ́gùn sí i, ó fi ahọ́n tọ́ ọ wò, ó sì tutọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, wọ́n ní ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ ń lé e bá. Wọn kò sọ fún wa pé àtinú ìkòkò ni yóò ti máa hó bọ̀.

"Èyí tí mo ń jẹ kò dùn mí tó bẹ́ẹ̀," ló wí. "Ọkọ mi ló fi bọ́ mi. Èyí tí mo gbé lọ bá Ìyá Kaothar lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù ńkọ́? Tí mo fọwọ́ ara mi bù fún un?"

Suara bẹ̀rẹ̀, ó ṣa náílọ́nù ṣúgà tó ṣófo nílẹ̀.

Sùlíyá pa iná. Ó wọlé, ó wé aṣọ mọ́ ẹsẹ̀, ó ki bàtà bọ̀ ọ́, ó jáde wá. "Ẹ gbé ìkòkò yẹn."

"Ó gbóná, Ìyá Ameenat."

"Ẹ fi àkísà gbé e. Ìrìn tí ẹ ní kí n máa rìn, òní la máa bẹ̀rẹ̀."

Báyìí ni wọ́n ṣe jáde sí ojú títì Òke-Kòtò lọ́sàn-án gangan. Obìnrin náà ń tiro lọ níwájú, kò wẹ̀yìn, kò sì gbà kí wọ́n wọ kẹ̀kẹ́. Ọkùnrin náà ń tẹ̀lé e, ó fi àkísà di ìkòkò mú. Àwọn ará àdúgbò ń kí i, "Bàbá Wíìtì! Òórùn yìí ga o!"

Kaothar ló ṣí ilẹ̀kùn fún wọn. Ó kúnlẹ̀, ó kí wọn, ó fa afẹ́fẹ́ símú, ojú rẹ̀ dán. Kó tó dìde, ó ti yíjú sínú ilé, ó ń ké pe ìyá rẹ̀:

"Mọ́mì, wọ́n ti gbé búrẹ́dì yín dé o!"

Sùlíyá yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lẹ́nu ọ̀nà. "Ẹ máa wọlé, Bàbá Wíìtì," ló wí. "Ẹ̀yin lẹ máa fún un."