Fúnlọ́lá Lọ Sórí Òkè

Ẹnu Fúnlọ́lá ló kó o dé orí òkè. Òun fúnra rẹ̀ ló ń sọ bẹ́ẹ̀, kò sì fi pamọ́ fún ẹnikẹ́ni.

Nọ́ọ̀sì ni, ó ti lé dáadáa ní ọmọ àádọ́ta ọdún, Cedar Hill, nítòsí Dallas ní Amẹ́ríkà, ni òun àti Adéyẹmọ ọkọ rẹ̀ ń gbé. Ibi tí wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ fọ ẹ̀jẹ̀ àwọn tí kíndìnrín wọn kò ṣiṣẹ́ mọ́ ló ti ń ṣiṣẹ́. Aláìsàn a máa pẹ́ lórí àga níbẹ̀, ọ̀rọ̀ ni wọ́n sì fi ń pa ọjọ́. Fúnlọ́lá ní ọ̀rọ̀. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé bí wọ́n bá dé tí wọn kò bá a, wọn a ní àwọn ń padà bọ̀ lọ́la.

Ethan, ọkùnrin òyìnbó onírùngbọ̀n kan, ló ń tọ́jú àwọn ẹ̀rọ náà. Bí ìgbà òtútù bá ti dé, òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ a máa wakọ̀ jáde ní Dallas lọ sí àwọn òkè kan tó wà láàárín Oklahoma àti Arkansas. Ouachita ni wọ́n ń kọ ọ́, Wáṣítọ̀ ni wọ́n ń pè é. Ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ kan wà níbẹ̀ tó gba ẹ̀yìn àwọn òkè náà kọjá, ó gùn ju igba máìlì lọ. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń rìn ín. Nígbà míì wọn a lọ kí wọ́n sì bọ̀ lọ́jọ́ kan náà, nígbà míì wọn a sùn síbẹ̀. Ìgbà òtútù ni wọ́n fẹ́ràn, nítorí pé ejò àti eégbọn ti sá pamọ́, ewé ti rẹ̀ dànù, ojú sì ń ríran jìnnà.

Lọ́jọ́ kan, níbi tí wọ́n ti ń jẹun ọ̀sán, Ethan ń fi àwòrán tẹ́ǹtì rẹ̀ hàn wọ́n, yìnyín ti bò ó mọ́lẹ̀. Ẹnì kan ní òtútù báyìí lè pa ènìyàn. Fúnlọ́lá gbé ṣíbí rẹ̀ sílẹ̀.

"Òtútù wo? Ìlú Jos ni mo ti ṣe agùnbánirọ̀. Omi tí à ń fi wẹ̀ láàárọ̀, bí ẹni pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé e jáde nínú fíríìjì ni."

Ethan ní, "Ó dáa. A ń lọ lópin ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Àyè ṣì wà."

Gbogbo ojú yí sí i. Ohun tó yẹ kó sọ ni pé òun níṣẹ́ lọ́jọ́ náà. Ohun tó ti ẹnu rẹ̀ jáde ni, "Aago mélòó?"

Nígbà tó délé, ó pe Sìdíkàt. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni láti ìgbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Amẹ́ríkà tí wọ́n jọ ń gbé inú yàrá kan. Lewisville ni Sìdíkàt ń gbé báyìí, ọ̀gá ni ní ilé ìkẹ́rùsí kan, ní ọjọ́ Sunday ó sì ń kọ́ àwọn ọmọ ní kéwú ní mọ́sáláṣí.

"Ìyá Khalid, wá sìn mí lọ síbì kan."

"Níbo?"

"A fẹ́ lọ sùn sórí òkè kan ní Arkansas."

"Ta ló lé yín nílé?"

Síbẹ̀ ó gbà láti lọ. Ó ní bí nǹkan bá ṣe Fúnlọ́lá lọ́hùn-ún, ó yẹ kí ẹnì kan wà níbẹ̀ tí yóò lè pe orúkọ rẹ̀ dáadáa fún ọlọ́pàá.

Ethan ti kìlọ̀ pé kí bàágì má wúwo. Fúnlọ́lá kó mọ́ínmọ́ín sí i, nítorí ta ló mọ ohun tí àwọn òyìnbó fẹ́ jẹ. Ó kó fúláàsì ògì sí i, ìrọ̀rí, ìwé orin ńlá, àti ìró méjì tí yóò dà bora. Adéyẹmọ gbé bàágì náà wò, ó sì rọra gbé e padà sílẹ̀.

"Ìyá Ìbùkún, ṣé o ń kó jáde nílé mi ni?"

"Bàbá Ìbùkún, ẹ jẹ́ n ṣe é bí mo ṣe mọ̀ ọ́n ṣe."

Ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀nà náà tẹ́jú, ó rọrùn. Lẹ́yìn náà ló yíjú sókè. Wọn kò tíì rìn jìnnà tí bàágì náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í bá Fúnlọ́lá jà. Ó ní kí gbogbo wọn dúró, àsìkò oúnjẹ ti tó. Ethan ní wọ́n ṣì ń wo ọkọ̀ wọn lọ́ọ̀ọ́kán.

"Ebi kò mọ ibi tí ọkọ̀ wà," ni Fúnlọ́lá wí, ó sì ti ń pín mọ́ínmọ́ín.

Láti ibẹ̀ lọ, kò sí ẹni tó pàdé wọn lọ́nà tó lọ lọ́wọ́ òfo. Tọkọtaya kan tó fa ajá lọ́wọ́ gba mẹ́ta, ajá náà gba tirẹ̀. Bàbá arúgbó kan ní òun kì í jẹ ohun tí òun kò mọ̀. Fúnlọ́lá dúró tì í títí ó fi mọ̀ ọ́n.

Sìdíkàt ń wò ó. "Ìyá Ìbùkún, ṣé sàárà lò ń ṣe ni àbí ẹrù lò ń dín kù?"

"Méjèèjì ni. Ọlọ́run mọ èyí tí yóò kọ sílẹ̀ fún mi."

Nígbà tí àkókò ìrun Àìlà tó, Sìdíkàt dúró láti kírun, Fúnlọ́lá sì dúró tì í. Ethan ní kí wọ́n ṣáà máa tẹ̀lé ọ̀dà búlúù tí wọ́n fi sára igi, àwọn yóò pàdé ní ahéré tí wọ́n fẹ́ sùn. Kí Sìdíkàt tó kírun tán, kùrukùru ti sọ̀ kalẹ̀. Wọ́n gbéra, wọ́n ń tẹ̀lé ọ̀dà. Wọ́n ti rìn títí kí Sìdíkàt tó dúró níwájú igi kan.

"Ọ̀dà yìí, ṣé búlúù ni?"

"Búlúù tó ti ṣá ni."

"Búlúù kì í ṣá kó funfun tó báyìí. Funfun ni."

Ọ̀nà náà ti ń sọ̀ kalẹ̀ lọ, kò sì sí èyí tó fẹ́ tún un gùn padà nínú wọn. Wọ́n bá a lọ títí wọ́n fi já sí títì ọlọ́dà. Ọdẹ kan dúró sídìí ọkọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀wù tó pọ́n bí ọsàn lọ́rùn, ó ń mu kọfí. Ó bi wọ́n bóyá wọ́n sọnù ni. Fúnlọ́lá ní rárá, Sìdíkàt ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹnu wọn sì jáde pọ̀. Ọkùnrin náà ní òun lè gbé wọn dé ibi tí wọ́n páàkì ọkọ̀ wọn sí, inú ọkọ̀ òun sì móoru. Sìdíkàt ti di ilẹ̀kùn mú.

"Bí a bá wọ ọkọ̀ yìí," ni Fúnlọ́lá wí, "kí ni mo fẹ́ wí níbi iṣẹ́?"

"Wí pé o ti dàgbà."

"Èmi tí mo ṣe agùnbánirọ̀ ní Jos?"

"Ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún tí o kúrò ní Jos. Ìwọ lo fọ́nnu, èmi kọ́. Ẹsẹ̀ mi kò sí nínú àdéhùn ẹ̀yin méjèèjì."

Ọdẹ náà kò gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n ó mọ ìjà nígbà tó bá gbọ́ ọ. Ó padà sídìí kọfí rẹ̀. Nígbà tó yá, Sìdíkàt jáwọ́ nínú ilẹ̀kùn. Fúnlọ́lá dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní ọ̀rẹ́ òtítọ́ ni. Sìdíkàt ní kì í ṣe ti ọ̀rẹ́: àgbọ̀nrín tí ọkùnrin náà pa wà lẹ́yìn ọkọ̀, ó lajú sílẹ̀, òun gan-an ló sì ń wò.

Wọ́n fún ọdẹ ní mọ́ínmọ́ín, ó tọ́ka ọ̀nà fún wọn, wọ́n sì tún òkè náà gùn látìsàlẹ̀. Oòrùn ti ń wọ̀ nígbà tí wọ́n pàdé Ethan tó ń wá wọn bọ̀ tòun ti tọ́ọ̀ṣì lórí. Ojú rẹ̀ ti funfun ju bí Ọlọ́run ṣe dá a lọ. Ó dì mọ́ àwọn méjèèjì pọ̀.

Ahéré tó mú wọn lọ ní ògiri mẹ́ta, iwájú rẹ̀ ṣí sílẹ̀ gbayawu. Sìdíkàt yí i po lẹ́ẹ̀kan. "Ilẹ̀kùn ńkọ́?" Wọ́n sọ fún un pé kò ní. Ní ti bí òtútù ṣe ṣe wọ́n mọ́jú, Fúnlọ́lá kì í fẹ́ kí a bi òun. Sìdíkàt ní ẹnì kan ń ké pe Jos lójú oorun.

Bí ilẹ̀ ṣe ń mọ́, Sìdíkàt jáde lọ kírun Àsùbáà, Fúnlọ́lá sì fi ìró bora tẹ̀lé e. Igi gbogbo dúró ní ìhòòhò. Òkè wà lẹ́yìn òkè, òmíràn tún wà lẹ́yìn ìyẹn, títí dé ibi tí ojú kò tó mọ́. Ìkùukùu kún àfonífojì bí ìgbà tí a da ògì sínú àwo, kò sì sí ohùn kankan níbikíbi. Fúnlọ́lá dúró síbẹ̀. Nígbà tí Sìdíkàt sálámà tán tó wẹ̀yìn, ó rí i pé ọ̀rẹ́ òun kò tíì sọ ohunkóhun.

"Kí ló dé?"

"Kò sí."

"Ṣé ara rẹ yá?"

Ọjọ́ Sunday ni wọ́n sọ̀ kalẹ̀. Bí fóònù Fúnlọ́lá ṣe rí nẹ́tíwọ́ọ̀kì báyìí, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í dún láìdákẹ́. "Ẹ rántí ọmọ mi tó ń wáṣẹ́." "Sister, ẹ dárúkọ orúnkún mi." Màmá Gbéminíyì, àgbà ẹgbẹ́ àwọn obìnrin ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn, fi ohùn ránṣẹ́, ó gùn tó ìwàásù. Fúnlọ́lá pe ọkọ rẹ̀.

"Bàbá Ìbùkún, kí lẹ sọ fún wọn ní ṣọ́ọ̀ṣì?"

"Wọ́n bi mí pé ìwọ dà, mo ní o ti lọ sórí òkè. Ṣé irọ́ ni?"

Kì í ṣe irọ́. Ṣùgbọ́n ohun kan ṣoṣo ni àwọn ìyá ṣọ́ọ̀ṣì mọ̀ tí ń gbé ènìyàn lọ sórí òkè, ààwẹ̀ àti àdúrà ni. Sìdíkàt rẹ́rìn-ín títí tí Ethan fi bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín pẹ̀lú, láìmọ ohun tó ń pa wọ́n lẹ́rìn-ín.

Ní Sunday kejì, Fúnlọ́lá lọ kúnlẹ̀ kí Màmá Gbéminíyì, kó lè ṣàlàyé.

"Mà, ìrìn lásán ni mo lọ rìn."

"Mo mọ̀."

"Mo jẹun, mà. Mo jẹun púpọ̀."

"Mo mọ̀, ọmọ mi. Ẹni tó gbààwẹ̀ kì í kéde."

Bó ṣe ń sẹ́ ẹ ni ìwà mímọ́ rẹ̀ ń pọ̀ sí i. Èyí tó wá bà á jẹ́ pátápátá ni pé Gbéminíyì, ọmọ Màmá tó ń wáṣẹ́, ríṣẹ́ lọ́sẹ̀ yẹn gan-an. Kí oṣù tó parí, àwọn ìyá ti ní àwọn yóò bá Fúnlọ́lá lọ. Òun náà ronú títí, ó bẹ Ethan, Ethan sì yan ibi tí kò le jù fún wọn, tí wọ́n lè lọ kí wọ́n sì bọ̀ lójúmọ́ kan.

Nínú oṣù Kejì, wọ́n kún bọ́ọ̀sì ṣọ́ọ̀ṣì, Adéyẹmọ ló wà á. Sìdíkàt náà wá. Ó ní òun kò lè jẹ́ kí wọ́n ròyìn èyí fún òun. Màmá Gbéminíyì ti lé ní àádọ́rin ọdún. Aṣọ funfun ló wọ̀ lórí bàtà kánfáàsì, ìgò òróró kékeré wà lọ́wọ́ rẹ̀. Fúnlọ́lá ti ń ro ohun tí òun yóò sọ fún Ethan bí igbe àdúrà bá bẹ̀rẹ̀.

Igbe kankan kò bẹ̀rẹ̀. Màmá gba ọ̀pá kan lọ́wọ́ Ethan, ó bọ́ síwájú, ó sì ń lọ. Ó ń bèèrè orúkọ igi. Ó dúró wo omi tó dì sára àpáta bí abẹ́là. Nígbà tí wọ́n dé òkè téńté, ó jókòó lórí òkúta. Àwọn ìyá yòókù yí i ká, wọ́n di ojú, wọ́n ń retí kó gbé àdúrà sókè. Ó wo àwọn òkè náà yíká, ó sì lanu.

"Fúnlọ́lá."

"Mà."

"Gbogbo bí o ṣe wá síbí yìí, ìgbádùn lò ń jẹ."

"Mo sọ fún yín, mà."

"O kò sọ ọ́ dáadáa."

Ó gbàdúrà ráńpẹ́, ó sì bèèrè ohun tí wọ́n gbé wá fún jíjẹ.

Láti ìgbà náà, bí òtútù bá ti dé, bọ́ọ̀sì ṣọ́ọ̀ṣì a máa gba ọ̀nà Oklahoma lọ. Fúnlọ́lá a wà níwájú, Sìdíkàt a wà lẹ́yìn pátápátá kí ẹnikẹ́ni má baà tẹ̀lé ọ̀dà funfun. Adéyẹmọ kò tíì gun òkè náà rí. Inú bọ́ọ̀sì ló ń jókòó sí, pẹ̀lú ẹ̀rọ amúlémóoru. Ní oṣù Kejìlá tó kọjá, àwọn ìyá sùn síbẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́. Màmá Gbéminíyì ló hanrun jù.