Ilé Tí Ọkọ Mi Fi Bóòtì Dè

Ẹni tó bá mọ Oyèníran ọkọ mi ní Creek Road á sọ fún yín pé ara rẹ̀ kì í balẹ̀. Ajórin ni. Bó bá ń jẹun, ẹsẹ̀ rẹ̀ á máa gbọ̀n; bó bá wà ní ṣọ́ọ̀ṣì, á máa ka irin òkè àjà. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe bá a kí n tó fẹ́ ẹ, ẹnikẹ́ni ò tàn mí.

Lọ́dún 1985, wọ́n pè é lọ sí ilé kan ní Apapa, kìkì irin àti gíláàsì, táwọn èèyàn máa ń dúró yà ní fọ́tò. Ògiri inú rẹ̀ ń rìn lórí irin. Ẹ tì í síhìn-ín, pálọ̀ di yàrá méjì. Ẹ tì í padà, yàrá di pálọ̀. Bóòtì tí sípánà ń tú ni wọ́n fi de gbogbo rẹ̀, wọn ò fi iná jó irin pọ̀ níbì kankan. Ọkọ mi délé, kò lè jẹun. "Morádéún, ilé tó ṣeé tú ni!" Ó ń sọ ọ́ títí oorun fi gbé mi lọ.

Ní Marine Beach, ilẹ̀ la háyà, ilé nìkan ni tiwa. Kí ọdún tó yí po, ó ti tú ilé pákó wa, ó fi irin kọ̀ńténà àti gíláàsì iwájú tírélà kọ́ tiẹ̀, ó fi bóòtì dè é bíi ti Apapa. Ọ̀sẹ̀ kan kì í parí kó má ti ògiri. Mo lè sùn sí yàrá kí n jí sí ilé ìdáná. Ejiro aládùúgbò wa á ké láti ìta pé, "Oga Oye, today na which side your door dey?" Wọ́n á rẹ́rìn-ín. Èmi á máa wá ìkòkò mi kiri.

Lọ́jọ́ tí ògiri tẹ ìka Àdùfẹ́ ọmọ wa, mo di ẹrù mi. "Bàbá Àdùfẹ́, ẹ jó àwọn ògiri yìí mọ́ra, àbí kí n gbé ọmọ mi lọ." Kò bá mi jiyàn. Ọjọ́ mẹ́ta ló fi jó gbogbo oríkèé ilé náà. Mo wá mọ ibi tí ìkòkò mi wà.

Lọ́dún 1991, onílẹ̀ ta ilẹ̀ fún ẹni tó fẹ́ fi ṣe yáàdì tírélà. Ọjọ́ méje ni wọ́n fún wa. Ejiro tú pákó tiẹ̀, ó kó o sínú ọkọ̀ ojú omi, ó kọjá sí Snake Island, níbi tí wọ́n ti fún àwa náà ní àyè. Tiwa ò ṣeé tú mọ́. Ọkọ mi ń fi iná gé e látàárọ̀ dalẹ́; ooru fọ́ gíláàsì, irin tẹ̀, kò bára mu mọ́. Ní ọjọ́ keje, katakata dé, ó wó ìyókù palẹ̀.

Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì ní ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Mo pòṣé. Ta ni ọba níbẹ̀?

Mo kúnlẹ̀ fún ọkọ mi lẹ́bàá omi. "Ẹ má bínú. Èmi ni mo fà á."

Ó ní, "Ìwọ kọ́. Èmi ni mo jó o dáadáa jù."

Ká ní ó bú mi ni, ọkàn mi ì bá fúyẹ́.