Káfíńtà Tó Wá Wo Ilé Ara Rẹ̀

Bí ẹ bá bi bàbá káfíńtà pé irú iṣẹ́ wo ló ń ṣe, á ní, "Èmi ni mo kan àtẹ̀gùn tí ìyàwó mi ò lè gùn." Á wá bú sẹ́rìn-ín kí ẹlòmíràn tó fi í rẹ́rìn-ín. Ó gbà pé bí èèyàn bá tètè fi ara rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́, ẹlẹ́yà tó bá pẹ́ dé ò ní bá nǹkan kan nílẹ̀.

Òótọ́ ọ̀rọ̀ sì ni. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi kan àtẹ̀gùn ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí wọ́n ti gbé fún ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n. Ọ̀dọ́ ni nígbà náà, ojú ń kán an, kì í wọn pákó lẹ́ẹ̀mejì. Àtẹ̀gùn kẹrin wá fi íǹṣì kan ga ju àwọn yòókù lọ. Ó ti mọ́ àwọn ará ilé lẹ́sẹ̀. Àlejò ló máa ń kọsẹ̀ níbẹ̀.

Nígbà tí orúnkún bẹ̀rẹ̀ sí í da ìyàwó rẹ̀ láàmú, tí dókítà ní kó yéé gun òkè, tọkọtaya fẹnu kò pé àwọn á ta ilé náà, àwọn á wá èyí tí kò lókè. Wọ́n pe alágbàtà kan, obìnrin tí ẹnu rẹ̀ dùn bí oyin.

"Àárín ìlú rèé," ni obìnrin náà wí. "Ilé búrẹ́dì lápá ọ̀tún, ilé ìwé lápá òsì, ibùdókọ̀ níwájú. Wọ́n á fi ìjà rà á. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń bọ̀, ẹ wábi gbà lọ. Ẹ̀ẹ̀mejì lẹ ti lé oníbàárà sá."

Kò parọ́ mọ́ ọn. Bàbá ti fi ibi tí òrùlé ti jò rí han ẹni àkọ́kọ́, bẹ́ẹ̀ wọ́n ti tún un ṣe tipẹ́. Ó sọ fún ẹnì kejì pé fèrèsé ilé ìdáná kì í ṣí àfi tí wọ́n bá bẹ̀ ẹ́.

Nígbà tó di ọjọ́ Sátidé, bàbá jáde nílé lóòótọ́. Àmọ́ ó dé fìlà àbúrò rẹ̀ bojú, ó gbé awò dúdú sójú, ó sì bá àwọn tó wá wo ilé wọlé, bí ẹni tó fẹ́ rà á. Ó kàn fẹ́ fi etí ara rẹ̀ gbọ́ ohun tí wọ́n máa sọ ni. Alágbàtà rí i, ó la ẹnu, ó tún pa á dé.

Ọkùnrin kan tó wọ kóòtù ló ṣáájú. Ó kọsẹ̀ lórí àtẹ̀gùn kẹrin.

"Ta ni káfíńtà yìí gan-an? Ṣé ó mutí ni?"

"Wọ́n ní ọmọdé ló ń ṣe é," ni bàbá dáhùn. "Mo gbọ́ pé ó ti ronú pìwà dà."

Wọ́n dókè. Ọlọ́kóòtù fi ìka kan kọ́bọ́ọ̀dù tó wà lára ògiri. "Wọ́n á yọ pàǹtírí yìí dà nù."

Ọ̀rọ̀ yìí gún bàbá lọ́kàn. Oṣù tí wọ́n bí àkọ́bí rẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀ kọ́bọ́ọ̀dù náà. "Ọ̀gá, ẹ ṣí i wò ná! Kò sí ìṣó kan níbẹ̀! Ẹ wo bí pákó ṣe wọnú pákó. Oṣù mẹ́rin gbáko ni mo fi—"

Gbogbo wọn yíjú sí i. Ìyàwó rẹ̀ sì ké láti ìsàlẹ̀: "Bàbá wọn! Ṣé ẹ̀yin ni mò ń gbọ́ ohùn yín lókè yẹn? Ilé ta lẹ fẹ́ rà?"

Bàbá ṣí fìlà. "Èmi ni onílé. Èmi náà ni káfíńtà. Èmi náà sì tún ni òmùgọ̀ tó wà láàárín wọn."

Ọlọ́kóòtù bínú lọ. Ó wá ku nọ́ọ̀sì ọ̀dọ́ kan àti ìyá rẹ̀. Nọ́ọ̀sì náà rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú.

Ìyá rẹ̀ ní, "Bàbá, ariwo àdúgbò yìí ńkọ́? Òru lọmọ mi ń ṣiṣẹ́, ojúmọmọ ló ń sùn."

Alágbàtà ń ṣẹ́jú sí bàbá pé kó dákẹ́. Bàbá wo ojú ọmọbìnrin náà tó ti pọ́n.

"Ariwo wà, mi ò ní purọ́. Ẹ̀rọ búrẹ́dì kì í sinmi, àwọn ọmọ ilé ìwé sì burú jù ú lọ. Ṣùgbọ́n mo fi pákó dí ògiri yàrá ẹ̀yìn nígbà tí àwọn ọmọ mi ń kàwé. Wọlé síbẹ̀, ọmọ mi, kó o pa ilẹ̀kùn dé, kó o gbọ́ ọ fúnra rẹ."

Ó wọlé, ó ti ilẹ̀kùn. Wọ́n dúró títí, wọn ò gbúròó rẹ̀. Nígbà tí ìyá rẹ̀ ṣílẹ̀kùn, ọmọ ti nà gbalaja sórí ibùsùn tó wà níbẹ̀, tòun ti bàtà lẹ́sẹ̀, ó ń hanrun. Àárọ̀ ọjọ́ náà ló ti ibi iṣẹ́ bọ̀.

Ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Ẹ dákun, ẹ jẹ́ kó sùn."

Wákàtí méjì ló fi sùn. Bó ṣe jí, ìtìjú bò ó, ó sì béèrè iye tí wọ́n ń ta ilé náà.

Kí oṣù tó parí, nọ́ọ̀sì ti ra ilé náà, bàbá àti ìyàwó rẹ̀ sì ti kó lọ sí ilé kan tí kò lókè, ní ẹ̀yìn ìlú. Láàárọ̀ àkọ́kọ́, ìyàwó rẹ̀ dìde, ó rìn gba pálọ̀ kọjá lọ sẹ́yìnkùlé láìpe ẹnikẹ́ni kó wá dì í mú, ó jókòó sí oòrùn. Bàbá ń wò ó lójú fèrèsé. Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó rántí pé òun ṣì ní ẹrù láti tú.