Tọ́tà Ọjọ́ Òjò àti Ìlà Tó Tẹ̀

Ọjọ́ tí Dardo Bentancur fi iṣẹ́ tísà sílẹ̀, kò lọ jẹ́jẹ́. Ó dúró láàárín yàrá àwọn olùkọ́, ó há fúláàsì omi gbígbóná mọ́ abíyá, ó sì sọ fún Ọ̀gá Zulma, obìnrin tó ń darí ilé ẹ̀kọ́ alẹ́ náà, pé ẹni tó ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ìṣirò okòwò láìta nǹkan kan rí dà bíi fádà tó ń kọ́ni bí wọ́n ṣe ń tọ́jú ìyàwó. Tísà ìtàn, tó ti fẹ́ẹ́ di fádà nígbà kan rí, wà níbẹ̀. Máté, omi ewé kíkorò tó ń mu, pá a lórí.

Ní ti Dardo, òun ń lọ dín tọ́tà.

Tọ́tà. Oúnjẹ òjò. Ìyẹ̀fun, ọ̀rá màlúù, iyọ̀. Wọ́n á tẹ́ ẹ pẹlẹbẹ, wọ́n á lu ihò sí i láàárín, ó di inú agbada. Bí ojú ọ̀run bá mọ́ ní ìlú Durazno, ajá gan-an ò ní wò ó. Ṣùgbọ́n kí òjò kán báyìí, gbogbo ìlú á máa wá a bí aboyún ṣe ń wá nǹkan kíkan.

Dardo ra ọmọlanke kan, ó gbé e kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùdókọ̀. Nibia ìyàwó rẹ̀, aránṣọ tí kì í sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, fún un ní ìgbà òtútù kan péré. Bí ọmọlanke ò bá bọ́ ilé kí òtútù tó kásẹ̀ nílẹ̀, Dardo á padà lọ bá Ọ̀gá Zulma. Kì í ṣe pé á kọ lẹ́tà o. Á fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ, á sì bẹ̀bẹ̀. Lójú Dardo, ẹ̀wọ̀n sàn jù.

Ló bá mú ṣọ́ọ̀kì, ó fa ìlà sẹ́yìn ilẹ̀kùn ilé ìdáná. Òjò ń lọ sápá ọ̀tún, oníbàárà ń lọ sókè. Ìlà kan, tọ́ọ́rọ́: bí òjò bá ṣe ń pọ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ ni oníbàárà ń pọ̀ sí i, ní ìwọ̀n kan náà. Lẹ́yìn náà ló kan ìṣeéṣe. Rédíò á ní òjò lè rọ̀ lọ́la, ìgbà méje nínú mẹ́wàá. Dardo á gbé òfò méjì sórí ìwọ̀n. Tọ́tà tó ṣẹ́ kù, òfò kékeré: ìyẹ̀fun ò wọ́n. Oníbàárà tó dé tí kò bá nǹkan kan, òfò ńlá: kò ní padà wá mọ́. Nítorí náà, bí iyèméjì bá wà, pò ó kún sí i. Ìṣirò tó mọ́ lóló. Ọlọ́run gan-an ìbá buwọ́ lù ú, bí Ọlọ́run bá lè yege nínú kíláàsì Dardo, èyí tí kò dájú.

Ní ìbẹ̀rẹ̀, ó ṣiṣẹ́. Òjò díẹ̀, ó tà díẹ̀. Òjò wẹliwẹli láti àárọ̀, ó tà títí ọ̀rá fi tán. Àwọn àmì tó ń tẹ̀ sẹ́yìn ilẹ̀kùn tò lórí ìlà bí adìyẹ lórí igi. Ó wá ń dáhùn ìbéèrè tí alápatà àti onígbàjámọ̀ ò bi í.

Òtútù ku díẹ̀ kó tán, ọmọlanke ò sì tíì bọ́ ilé tán. Rédíò wá kéde ìjì láti gúúsù. Ọ̀wààrà. Mẹ́wàá nínú mẹ́wàá. Ọjọ́ kan yìí ló máa dí àlàfo náà. Dardo wo ìlà rẹ̀. Ìlà náà gùn dé ìkọ́ tí wọ́n ń fi aṣọ kọ́. Ó po ìyẹ̀fun kún gbogbo abọ́ ilé, títí kan ọpọ́n tí wọ́n fi ń wẹ ọmọ nígbà tí wọ́n ṣì ń bímọ.

"Dardo," ni Nibia wí, "ta ló máa jẹ gbogbo èyí?"

"Ìlà ló wí bẹ́ẹ̀."

"Kí ìlà bá ẹ gbé e nígbà náà. Ẹ̀yìn ń dùn mí."

Òjò dé lóòótọ́. Òjò tó wọ aṣọ, wọ awọ, wọ inú ìrònú. Òpópónà di odò. Bọ́ọ̀sì ò dé. Agboòrùn ọmọlanke já, ó gba ọ̀nà Brazil lọ. Dardo dín tọ́tà, ó dúró. Ajá kan yọ, ó jẹ ọ̀kan, ó wo ojú ọ̀run, ó wo Dardo, ó bá tirẹ̀ lọ. Òun nìkan ni oníbàárà ọjọ́ náà.

Nígbà tó ń ti ọmọlanke lọ sílé ló gbọ́ òórùn. Ilé kìíní: ọ̀rá màlúù. Ilé kejì: ọ̀rá màlúù. Gbogbo àdúgbò ló ń dín tọ́tà. Onígbàjámọ̀ yọrí lójú fèrèsé, ẹnu rẹ̀ kún.

"Tísà, ẹ yà wá jẹ tọ́tà. Ó ṣì gbóná."

Ó délé. Nibia wà nídìí iná. Agbada kékeré. Tọ́tà.

"Ìwọ náà?"

"Òjò ń rọ̀. Kí lo fẹ́ kí n dín, bàtà?"

Kò mẹ́nu kan àdéhùn wọn. Ó kàn lọ ṣẹ́ẹ̀tì Dardo tó dára jù, ó gbé e kọ́ sórí ìkọ́, níbi tí ìlà parí sí.

Ní ilé ẹ̀kọ́, Ọ̀gá Zulma ò jẹ́ kó rọrùn. Ó bu omi gbígbóná sí máté, ó mu ún tán, ó tún bu òmíràn, kò fún àlejò. Dardo bẹ̀bẹ̀. Obìnrin náà ní kó tún un bẹ̀, etí òun ò gbọ́ dáadáa mọ́. Ó tún un bẹ̀. Lẹ́yìn náà ló ní kó fa ìlà náà fún òun wò. Dardo fà á sójú pátákó.

"Dardo, bí òjò bá ń rọ̀, akẹ́kọ̀ọ́ mélòó ló máa ń wá sí kíláàsì ẹ?"

Dardo rántí. Òjò wẹliwẹli: ìdajì. Ọ̀wààrà: òun àti àwòrán ọ̀gágun tó wà lára ògiri. Ọ̀pọ̀ ọdún ló fi ń sùn lórí tábìlì ní irú alẹ́ bẹ́ẹ̀, tó ń gbowó oṣù lé e, kò sì rántí fi í sínú ìṣirò pé ẹni tí kò lè bá òjò wá kẹ́kọ̀ọ́ kò ní bá òjò wá ra tọ́tà.

Ó tún mú ṣọ́ọ̀kì. Òjò ń ta ikùn jí. Òjò kan náà ń de ẹsẹ̀ mọ́lé. Ìlà ò tọ́. Òkè ni. Ó ń gùn, ó ń gùn, ó dé ibì kan tí kò gùn mọ́ tí kò sì tíì sọ̀, lẹ́yìn náà ó yí gbirigbiri wálẹ̀. Kákúlọ́ọ̀sì, ìṣirò ohun tó ń yí padà. Ohun tó ń kọ́ wọn lọ́dọọdún: ẹ wá ibi tí òkè ti sinmi, ibẹ̀ ni èrè wà.

"Òjò wẹliwẹli ni, Ọ̀gá. Ẹ ò rí i?"

"Mo rí i. Ọjọ́ mélòó ni irú ẹ̀ máa ń rọ̀ lọ́dún?"

Dardo ṣírò. Èjìká rẹ̀ wálẹ̀. "Kò tó bọ́ ológbò."

"Ó di ọjọ́ Ajé nìyẹn, ní kíláàsì."

"Ó di ọjọ́ Ajé. Àfi bí òjò wẹliwẹli bá ń rọ̀. Ọjọ́ bẹ́ẹ̀, ibùdókọ̀ lẹ máa bá mi."

Ọ̀gá Zulma ṣẹ̀ṣẹ̀ wá gbé máté fún un. "Ọjọ́ òjò? Ta lo tiẹ̀ fẹ́ẹ́ kọ́?"

Bó ṣe wà títí di òní nìyẹn. Bí ọ̀wààrà bá dé, Dardo á jókòó sílé, á jẹ tọ́tà Nibia, tó dùn ju tirẹ̀ lọ. Bí òjò bá ń ṣẹ́ wẹliwẹli, á ti ọmọlanke lọ síbùdókọ̀. Ìdajì kíláàsì tó máa ń wá lọ́jọ́ òjò á wá. Ìdajì tí kì í wá náà á wá. Gbogbo wọn á tò. Àfi Ọ̀gá Zulma. Iwájú lòun máa ń bọ́ sí tààrà; bí wọ́n bá pariwo lé e lórí, á ní etí òun ò gbọ́ dáadáa mọ́.