Ohùn Ẹ̀gbọ́n Mi

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, tó ní ṣọ́ọ̀bù irun ní Harburg, ṣe iṣẹ́ abẹ gẹ̀gẹ̀, mo sì wọ ọkọ̀ ojú irin láti Berlin lọ tọ́jú wọn. Nígbà tí mo kí wọn, wọ́n la ẹnu, àmọ́ afẹ́fẹ́ lásán ló jáde. Wọ́n mu omi, omi náà pá wọn lórí, wọ́n wúkọ́ títí omijé fi bọ́.

Dókítà ti kámẹ́rà tín-ín-rín bọ imú wọn, a sì rí inú ọ̀fun wọn lójú ẹ̀rọ. Ẹran tẹ́ẹ́rẹ́ méjì ló ń gbé ohùn jáde níbẹ̀. Ti ọ̀tún ń ṣí, ó ń pa dé; ti òsì kò mira rárá. Dókítà ní iṣan tó ń gbé àṣẹ ọpọlọ wá fún un máa ń sọ̀ kalẹ̀ dé inú àyà, kó tó tún gòkè gba ẹ̀yìn ibi tí gẹ̀gẹ̀ wà. Kò já, àmọ́ ó fara pa nígbà iṣẹ́ abẹ náà.

Ẹ̀gbọ́n mi sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ sí mi létí: “Bi í, ṣé ohùn mi á padà?”

Mo bi í. Ó ní, “Ó lè padà. Ó sì lè má padà.”

Fún oṣù mélòó kan, àtẹ́wọ́ ni wọ́n ń pa láti pe oníbàárà. Lọ́jọ́ kan, wọ́n pè mí lórí fóònù, wọ́n kì mí ní oríkì mi. Dókítà ní ẹran ti òsì kò tíì mira. Ti ọ̀tún ló ti kọ́ láti nà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

“Ṣé ò ń gbọ́ mi?”

“Mò ń gbọ́ yín, ma.”

Inú mi dùn. Àmọ́ ohùn náà ha, ó ṣàjèjì, mi ò sì lè sọ fún wọn.